Mọ́tò Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta Tó Gba Ajá Mi Lọ́wọ́ Ọba Máyíiwò

Ẹ̀yin tí òjò ká mọ́ abẹ́ páànù Baálẹ̀ yìí, ẹ súnmọ́ra. Kòkó yín wà nínú àpò, òṣùwọ̀n tí Baálẹ̀ fi ń ra kòkó lọ́wọ́ yín wà lórí tábìlì, òjò kò sì tíì fẹ́ dá. Ẹni tó bá ní òun ń kánjú, kó bọ́ síta kó lọ bá òjò jà. Èmi Ọdẹ́ṣínà, tí ẹfọ̀n rí lẹ́ẹ̀kan tó gbàgbé ọ̀nà ilé ara rẹ̀, èmi ni mo fẹ́ fi ìtàn gbà yín lọ́wọ́ òtútù. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín: bí mo bá ń parọ́, ẹ jẹ́ kí n pa á tán kí ẹ tó mú mi.

Ajá tó sùn sí ẹsẹ̀ mi yìí, Bánidélé ni orúkọ rẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n ní ajá tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́ta rìn, tó ń gbé ẹ̀kẹrin sókè bí ìyàwó tuntun tí kò fẹ́ tẹ ẹrẹ̀. Ọláòṣebìkan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ìsàlẹ̀ ọjà ti sọ fún gbogbo ayé pé pàkúté èmi fúnra mi ló mú un. Ọláòṣebìkan, mo rí ọ níbẹ̀ yẹn, má fi àpò kòkó bojú. Lónìí ni wàá gbọ́ ohun tó ṣe ajá mi lẹ́sẹ̀.

Ní ọjọ́ náà, mo wọ Igbó Àìdákẹ́ lọ. Igbó yìí ni àwọn ọdẹ mìíràn máa ń rìn yí ká, tí wọ́n á sì délé wí pé àwọn là á já. Bánidélé ń lọ níwájú, èmi ń bọ̀ lẹ́yìn. Bó ti rí òkété kan báyìí, ó gbá tọ̀ ọ́. Òkété wọ ihò, ajá wọ ihò. Mo dúró. Nígbà tó ṣe, òkété gba ihò mìíràn jáde, ó wò mí lójú, ó mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ. Ajá kò jáde. Mo pè é títí, mo súfèé títí, àfi ìgbà tí ohùn kan dá mi lóhùn láti inú ilẹ̀.

Ohùn náà ní, "Ọdẹ, ajá rẹ ti fi ẹsẹ̀ tẹ ojú ọ̀nà tí mọ́tò ọba wa ń gbà sáré. Bí oòrùn bá ti kan àtàrí, a ó yọ́ irin, a ó dà á lé e lórí, yóò sì di ajá kékeré onírin tí yóò máa jókòó nínú mọ́tò ọba títí ayé. Bí o bá fẹ́ wá bẹ̀bẹ̀, máa tẹ̀lé ibi tí ilẹ̀ bá ti dà gẹ̀rẹ́."

Ẹ̀rù bà mí. Mo máa ń sọ fún yín pé ẹ̀rù kì í bà mí, ẹ ti gbọ́ òdì kejì rẹ̀ lónìí. Nígbà tí ìyá àwọn ọmọ mi kú tí mo kọ oúnjẹ, ajá yìí náà kọ tirẹ̀. Ó jókòó tì mí, ó ń wò mí, títí ojú fi tì mí, tí mo jẹun kí òun náà lè jẹ. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kí n jẹ́ kí wọ́n da irin lé lórí? Mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo tẹ̀lé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Mi ò ní dá yín dúró lórí bí mo ṣe rìn. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn. Mo kàn bá ara mi níwájú obìnrin arúgbó kan tó jókòó sí àárín ọ̀nà, tí ẹ̀gún bò ó láti orí dé gìgísẹ̀ bí òòrẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́gùn-ún ni wọ́n ń pè é. Mo kúnlẹ̀ kí i, nítorí pé bí iwin tilẹ̀ ni, àgbà ni.

Ó ní, "Ọdẹ, ẹ̀yìn ń yún mi. Gbogbo ẹni tó kọjá ni mo bẹ̀, gbogbo wọn ló sá. Bí o bá fi igi họ ọ́ fún mi, inú á bí mi, n ó pa ọ́. Bí o bá fi ọwọ́ họ ọ́, ẹ̀gún á gún ọ. Báwo lo ṣe fẹ́ ṣe é?"

Ẹlòmíràn ìbá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ṣùgbọ́n èmi ti bó òòrẹ̀ rí, mo sì mọ̀ pé ẹ̀gún rẹ̀ kì í gún ẹni tó bá bá a lọ síbi tó dorí kọ. Mo gbé ọwọ́ lé e lọ́rùn, mo sì ń fà á bọ̀ nísàlẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láti òkè wá sí ìdí, láìdá ọwọ́ padà. Ìyá náà mí kanlẹ̀, ojú rẹ̀ ń pa dé bí ti ẹni tó mu ẹ̀kọ gbígbóná. Ó fa ẹ̀gún méjì tu lára rẹ̀, ó ní, "Gbà. Ohun tó tọ́ tí kò sì wúwo ṣọ̀wọ́n láyé. Má jẹ́ kó tẹ̀." Mo dúpẹ́, mo jù wọ́n sínú àpò, mi ò mọ ohun tí n ó fi ṣe.

Mi ò tíì rìn jìnnà tí mo fi bá èkejì pàdé. Orí rẹ̀ jẹ́ ti bàbá arúgbó, ìyókù jẹ́ ti ẹranko, ó sì ń gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè. Fẹsẹ̀kanṣeré ni orúkọ rẹ̀. Ó ń sáré yí mi po débi pé mo ń rí i níwájú àti lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní, "Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni Ẹlẹ́dàá fún mi, mẹ́ta ni mo fi ń sáré. Kí ni ẹ̀kẹrin ń ṣe?"

Mo ní ó ń wòran. Ó gbá mi ní ìpàkọ́. Mo ní ó rẹ̀ ẹ́. Ó tún gbá mi. Mo ní bóyá ọgbẹ́ ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó gbá èyí tó ju ti ìṣáájú lọ. Baálẹ̀ pàápàá ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in dáadáa, Baálẹ̀, ẹ̀rín ṣì pọ̀ níwájú. Nígbà tí ìpàkọ́ mi gbóná, inú bí mi, mo ní, "Kò ṣe nǹkan kan! Ó kàn yé dí àwọn mẹ́ta yòókù lọ́wọ́ ni."

Iwin náà dúró. Ó ní, "O gbà á. Ohun tí kò bá kan ilẹ̀, ilẹ̀ kò lè dá a dúró." Ó yà lọ́nà fún mi, mo kọjá. Ìpàkọ́ mi ń dùn mí di ìsinsìnyí bí ọyẹ́ bá fẹ́.

Báyìí ni mo dé Ìlú Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ìlú náà dà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí ibi tó tẹ́jú níbẹ̀. Òkúta ni wọ́n fi ń ti ìdí ìkòkò kó má baà yí lọ bá aládùúgbò. Àwọn ará ibẹ̀ kò ga ju orúnkún mi lọ, ẹsẹ̀ wọn kan sì kúrú ju èkejì, kí wọ́n lè dúró ṣánṣán lórí òkè. Wọ́n kì í jiyàn níbẹ̀, wọn kì í sì í pe ẹlẹ́rìí. Mọ́tò ni wọ́n fi ń dá ẹjọ́.

Mọ́tò tí mo ń wí kò ju orógbó ńlá lọ. Irin yíyọ́ ni wọ́n dà sínú ihò amọ̀ kó tó di mọ́tò, ó ní òrùlé, ó ní fèrèsé, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin tó ń yí. Ọ̀pá irin tín-ín-rín kan gba inú ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì kọjá, ọ̀kan gba inú ti ẹ̀yìn. Bí ẹni méjì bá ń du ilẹ̀, wọ́n á gbé mọ́tò wọn sókè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọ́n á fi sílẹ̀. Èyí tó bá kọ́kọ́ dé ìsàlẹ̀, olówó rẹ̀ ló ni ilẹ̀. Bí ọkùnrin méjì bá ń fẹ́ obìnrin kan, mọ́tò náà ni. Mọ́tò Ọba Máyíiwò kò sì pàdánù rí láti ìgbà tó ti gorí oyè. Nítorí náà, oko tó dára, tirẹ̀ ni. Ewúrẹ́ tó sanra, tirẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó ń kùn, wọ́n ní mọ́tò kì í parọ́.

Èèwọ̀ ìlú náà kò ju ẹyọ kan lọ: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dorí mọ́tò kodò. Lójú wọn, ẹni tó bá wo abẹ́ mọ́tò, ìhòòhò àgbà ló wò yẹn, wọ́n á sì fọ́ ọ lójú. Epo pupa ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, orí òrùlé ni wọ́n sì ń ta á sí. Nígbà tí mo béèrè ìdí rẹ̀, wọ́n wò mí bí òmùgọ̀. Wọ́n ní, "Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ṣé ẹsẹ̀ la ó ta epo sí ni?" Epo á ṣàn láti orí dé ẹsẹ̀, eruku á lẹ̀ mọ́ epo, ẹrẹ̀ á dí ẹsẹ̀ mọ́tò pa. Wọ́n á sì tún ta òmíràn sí i. Ẹni tó bá ti tọ́jú ìbọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn rí mọ̀ pé epo àti eruku kì í ṣe ọ̀rẹ́.

Wọ́n mú mi dé iwájú ọba. Kékeré ni, adé rẹ̀ ló tóbi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtẹ́ rẹ̀ ni wọ́n de Bánidélé mọ́. Wọ́n ti fi ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kan dán irin wò. Irin iwin tutù, kò jó o, ṣùgbọ́n ó ti bo ẹsẹ̀ náà dé orúnkún, ó ń dán. Bó ti rí mi, kò lè fò, kò lè gbó, wọ́n ti dè é lẹ́nu. Ìrù nìkan ló kù fún un, ìrù náà ló ń jù.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Kábíyèsí, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀."

Ọba ní, "A kì í bẹ̀bẹ̀ níbí. Lọ mú mọ́tò kan nínú agbọ̀n àlejò. Bí tìrẹ bá ṣíwájú tèmi dé ìsàlẹ̀, mú ajá rẹ máa lọ. Bí kò bá ṣíwájú, ìwọ náà yóò wọnú amọ̀. Ajá ti jókòó, ó ku awakọ̀."

Wọ́n gbé agbọ̀n wá, wọ́n fi obìnrin ẹ̀ṣọ́ kan tó ń jẹ́ Ojúkìísùn tì mí kí n má baà ṣe màgòmágó. Mo yí mọ́tò kan lórí ilẹ̀, ó yà sí òsì, ó já sí kòtò. Mo yí òmíràn, òsì ló tún yà. Gbogbo ohun tó wà nínú agbọ̀n náà ló ń yà sí òsì bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kejì ń gbé lápá ibẹ̀. Mo mú pupa kan tí ọ̀dà rẹ̀ ti bó, mo jù ú sínú àpò ọdẹ mi, mo jókòó sábẹ́ igi, mo sì ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò.

Ẹ̀yin èèyàn, ẹ rántí pé ọdẹ ni mí. Ẹni tó ń ki ìbọn nínú òkùnkùn biribiri, kí ni kò lè fi ọwọ́ ṣe láìfi ojú wò? Mo fi ẹnu ọ̀bẹ tú abẹ́ mọ́tò náà, mo fa ọ̀pá iwájú yọ. Mo fi àtàǹpàkò tọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó tẹ̀ ní ojú kan, ibi tó sì tẹ̀ yẹn ní àpá ẹ̀mú. Ìpáàrà kì í fi ẹ̀mú mú irin. Mo wí nínú ara mi pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Mo fa ti ẹ̀yìn náà yọ, mo sọ méjèèjì sí ìsàlẹ̀ àpò, mo gé ẹ̀gún Ìyá Ẹlẹ́gùn-ún ní ìwọ̀n, mo fi rọ́pò wọn.

Ojúkìísùn ní, "Bàbá ọdẹ, kí lẹ ń wá nínú àpò láti ìgbà yìí?"

Mo ní, "Orógbó ni, ọmọ mi."

"Orógbó tó ń dún bí irin?"

"Ti ilẹ̀ wa le díẹ̀."

"Ẹ fún mi jẹ níbẹ̀."

Orí yọ mí, orógbó kan wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó bù ú jẹ, ó fajú ro, ó ní òótọ́ ni mo sọ, ó le. Bó ti ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́, mo fi awọ inú àpò nu ẹsẹ̀ mọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí gbogbo epo àti ẹrẹ̀ fi kúrò. Mo fi awọ kan náà họ ara wọn títí wọ́n fi dán. Mo ní èédú kúnná kan tí mo fi ń pa ojú mi dúdú bí mo bá ń ṣọ́ ẹran, mo bù ú sínú ihò tí ọ̀pá ń gbà kọjá, gbígbẹ, láìfi ẹ̀kán epo sí i. Mo wá rántí ìpàkọ́ mi. Mo fi ọ̀bẹ gbẹ́ ihò ẹsẹ̀ iwájú kan sókè díẹ̀, ìwọ̀n irun imú, tí ẹsẹ̀ náà fi wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò kan ilẹ̀ mọ́. Mo fi ìda oyin lẹ ọta ìbọn díẹ̀ mọ́ inú ìdí rẹ̀ kó lè wúwo lẹ́yìn. Bí a bá gún iyán nínú ewé, bí a sì se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Mo pa abẹ́ rẹ̀ dé, mo mú un jáde ní ìdúró bí ọmọlúàbí.

Ojúkìísùn wò ó, ó ní, "Bàbá, ẹsẹ̀ kan dà bí ẹni pé kò kanlẹ̀."

Mo ní, "Ara ń yá a ni."

Ó wò mí. Ó mi orí bí òkété àárọ̀, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Oòrùn kan àtàrí. Gbogbo ìlú tò sí ọ̀tún àti òsì gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Wọ́n gbé mọ́tò ọba jáde, wúrà ni gbogbo ara rẹ̀, wọ́n sì da epo lé e lórí títí ó fi ń kán sílẹ̀. Wọ́n bu epo fún èmi náà, mo ní mọ́tò mi ń gbààwẹ̀. Wọ́n fi méjèèjì sílẹ̀.

Ti ọba gba iwájú. Ó tọ́, kò yà síbì kan, ó ń lọ bí olóyè tó jẹun yó. Tèmi kọ́kọ́ lọ́ra, mo sì rí amọ̀ tí wọ́n ti pò dè mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ìwọ̀n èmi gan-an. Mo gbójú kúrò níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ìdajì, eruku ti dé ọ̀dọ̀ epo ọba, ẹsẹ̀ mọ́tò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ilẹ̀kùn ilé àgbà. Pupa mi kò ké. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a, bẹ́ẹ̀ ni pupa mi ṣe bá wúrà ọba, ó bá a, ó kọjá rẹ̀, ó dé ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ló ti kọ òkúta, ó fò sókè, ó sì dorí kodò síwájú gbogbo ìlú, tó ń na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ọ̀run, tí mẹ́ta ń yí fìrìfìrì.

Gbogbo ìlú fọwọ́ bojú lẹ́ẹ̀kan náà, tọmọdé tàgbà. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò bojú. Ọba Máyíiwò na ìka sí i, inú ń bí i, ó ní, "Èrú ni! Ọ̀pá yẹn kì í ṣe tiwa! Ọ̀pá gbogbo mọ́tò ìlú yìí tẹ̀ sí òsì, àpá ẹ̀mú sì wà lára rẹ̀. Tèmi nìkan ló tọ́!"

Ẹnu mi gùn, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo pa á mọ́ lọ́jọ́ náà. Ojúkìísùn ló ya ìka méjì lójú ara rẹ̀, ó yọjú láàárín wọn. Ohùn rẹ̀ kò ga.

Ó ní, "Kábíyèsí, ta ló dorí wọn kodò tí ẹ fi rí i?"

Ọba ká ìka tó nà padà. Ojúkìísùn fa mọ́tò tirẹ̀ yọ nínú ìgbànú, èyí tó fi pàdánù oko bàbá rẹ̀, ó sì dorí rẹ̀ kodò. Ó fi ìka kan ibi tó tẹ̀. Ó bú sẹ́kún. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dorí tirẹ̀ náà kodò, ẹni tó tẹ̀lé e dorí tirẹ̀ kodò, títí tí gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ fi ń dún fún irin tí wọ́n ń yí padà. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Ọba gbé adé rẹ̀, ó fẹ́ sá gba ìsàlẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Ó yà sí òsì, ó já sí kòtò. Kò sẹ́ni tó fà á jáde.

Wọ́n tú Bánidélé sílẹ̀. Ojúkìísùn ní àwọn lè yọ́ irin náà kúrò, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ á bá a lọ. Mo gbá ajá mi mọ́ àyà, mo sunkún, mi ò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní n ó gbé e lé èjìká dé ilé. Ó bọ́ lọ́wọ́ mi, ó gbé ẹsẹ̀ onírin náà sókè kó má kan ilẹ̀, ó sì fi mẹ́ta yòókù gbéra. Kí n tó dé ilé, ó ti dé, ó ti sùn, ó ti jí, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà tó ń dúró dè mí.

Ẹ wò ó, òjò ti dá. Ẹ̀rí mi nìyí, mo gbé e kalẹ̀ sáàárín yín: mọ́tò pupa náà, pẹ̀lú ẹ̀gún Ìyá Ẹlẹ́gùn-ún lábẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ajá náà rèé, ẹ fọwọ́ kàn án, ó tutù. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kó dìde kó wá dorí mọ́tò kodò kó wo abẹ́ rẹ̀. Èèwọ̀ kankan kò sí fún un ní abúlé wa.

Ẹn-ẹ́n, Ọláòṣebìkan ti dìde. Mo mọ̀ pé ìwọ ni yóò jẹ́. Mọ́tò wà níbí, Ọláòṣebìkan, o ti kọjá rẹ̀. Tábìlì ni ibẹ̀ yẹn. Òṣùwọ̀n Baálẹ̀ lo gbé dání yẹn, kí lo fẹ́ dorí rẹ̀ kodò fún?

Níbo lẹ ń lọ, Baálẹ̀? Ẹ padà jókòó. Bánidélé ló dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn, kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, àfi ẹni tó bá ń sáré.